Ọ̀pá irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ṣé ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ yí kọ́nà dáadáa?

Ìbéèrè: Mo kí gbogbo ilé o. Golf Mk4 ni mo ń wà níbí ní Manchester. Bí mo bá fi eré díẹ̀ wọ kọ́nà, ṣe ni imú rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ síta. Wọ́n ní kí n ra ọ̀pá irin tí wọ́n ń dè mọ́ orí ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé owó mi kò ní wọgbó?

Èsì: Àbúrò mi, ọ̀pá yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí o fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, táyà ẹ̀gbẹ́ òde ni ẹrù ń wọ́ lé, agbára yẹn a sì gba ara ṣọ́ọ̀kì gòkè, a fẹ́ ti ibi tí wọ́n de orí rẹ̀ mọ́ kúrò láyè rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pá náà so ọ̀tún pọ̀ mọ́ òsì kí ìkankan má baà yẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí ara rẹ̀ rọ̀, tàbí èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, sítíárìn a tètè dáhùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara Golf tìrẹ le láti ilé-iṣẹ́ wá. Lójú títì lásán, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ariwo tí àwọn tó ń tà á ń pa.

Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé ẹ́ńjìnnì àti jíà wà níwájú, táyà méjì iwájú yìí kan náà ló sì ń fa ọkọ̀, tó ń darí rẹ̀, tó tún ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Kò sí irin tó lè bá táyà di ilẹ̀ mú. Táyà ni kí o kọ́kọ́ wò: òfin ibí gbà á títí ojú rẹ̀ yóò fi ku 1.6 mm, ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀ nítorí òjò. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sókè, kó fi irin gígùn ti búṣì ẹ̀yìn, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí wọ́n de apá ìsàlẹ̀ iwájú (irin tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀) mọ́. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti là, táyà á máa yẹ̀ bí o bá ti tẹ bíréèkì. Pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì ṣe àláímẹ́ǹtì. Bí imú rẹ̀ bá ṣì ń jáde, irin adènà ìfì (èyí tó ń dín bí ọkọ̀ ṣe ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà kù) tó nípọn sí i lẹ́yìn ni yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè mú kí ìdí ọkọ̀ tètè yọ̀ nínú òjò.

Èsì mìíràn: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ojú abẹ níkòó. Bí o bá ṣì fẹ́ ra ọ̀pá yẹn, má ra èyí tó ní oríkèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, torí oríkèé yẹn ló ń yí. Sọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ kí o tó dè é, kí wọ́n má baà rí ohun kọ̀ lé lórí lọ́jọ́ ìjàm̀bá.