Báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn ọmọ fara balẹ̀ wo igbó?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀ o. Tíṣà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí igbó kékeré kan lẹ́yìn oko, kí wọ́n wo igi, kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ẹ sì mọ ọmọdé: bí ẹsẹ̀ wọn bá ti kan ìta gbangba, eré ló kù. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọdẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo ń tọ̀ wọ igbó láti kékeré, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ kọ́ mi ni ìdúró. Bí èèyàn bá ṣe ń wọlé, ẹyẹ á dákẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ á sá pamọ́ sẹ́yìn igi. Ẹ dúró sójú kan, ẹ má mira. Kò ní pẹ́ tí wọn á fi máa bá tiwọn lọ. Nítorí náà, ẹ má ka ibi tí ẹ rìn dé sí nǹkan kan. Igi kan ṣoṣo tó.

Tó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìdí igi irú ni kí ẹ kó wọn lọ. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó rí roboto, ó sì fi ọ̀pá gígùn rọ̀ wálẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣa èyí tó já bọ́, kí ó fọwọ́ tú u: òdòdó wẹẹrẹ wẹẹrẹ ló kóra jọ tó di ẹyọ kan yẹn. Lóru ni àdán ń wá lá omi dídùn inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun òdòdó ti ń lẹ̀ mọ́ ọn lára tó fi ń gbé e dé orí igi mìíràn, kí wọ́n tó so. Irú tó wà nínú ọbẹ̀ wa, àdán lọ́wọ́ sí i!

Kí wọ́n fọwọ́ pa èèpo igi òrí náà. Ó nípọn, ó sán bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Òun ni kì í jẹ́ kí iná ọdọọdún tètè pa á.

Àbẹ̀kẹ́ Oníirú: Ọ̀rọ̀ àdán yìí mà dùn mọ́ mi o! Ìyá Ìbejì, ẹ ṣọ́ra fún wèrèpè. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń gbó, atẹ́gùn lásán sì ń gbé irun rẹ̀. Kí wọ́n wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí àgbàlagbà kan ṣíwájú, nítorí ejò.

Ará Ọ̀yọ́: Old Oyo National Park tiwa fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, àhoro Ọ̀yọ́-Ilé sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ṣì kéré fún un. Ẹ kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n níbi tí ẹ̀gà pọ̀ sí. Akọ ló ń hun ilé. Abo á wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tí kò bá wù ú, akọ á tú u palẹ̀, á tún òmíràn hun. Ariwo wọn nìkan ti tó dá ọmọ dúró.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á máa bá yín ṣe é. Ọmọ Ọdẹ, aago mélòó ló dáa jù?

Ọmọ Ọdẹ: Kí oòrùn tó mú, mà. Kí aago méje bá yín níbẹ̀. Kí wọ́n sì jẹ bisikíìtì wọn tán nílé, torí ọ̀rá rẹ̀ ń pariwo.