Ṣé wọ́n ti fi àìlera bú yín rí, tàbí wọ́n fi tiyín bú ẹlòmíì? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹlẹ́nu_Dídùn: Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. A wà nínú ìpàdé ibi iṣẹ́ lórí fóònù, ẹnìkan béèrè ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé tán, ni ọ̀gá bá ní "ṣé adití ni ẹ́ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan dákẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ ọ̀gá yẹn fúnra ẹ̀ ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ létí! Báwo ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe èèyàn ṣe wá ń di èébú báyìí? Ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ bá wa sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wá bú ara yín níbí o, mo mọ̀ yín.

Kò_Kàn_Mí: Èébú lèébú. Ẹni tó bá fẹ́ bú ẹ á fi ṣíbí bú ẹ.

Akólòlò_Olókìkí: Orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí ti sọ gbogbo ẹ̀. Mo ń kólòlò láti kékeré, wọ́n ń pè mí ní akólòlò, kò dùn mí torí òótọ́ ni. Èyí tó ń dùn mí ni òwe. Kò sí ìgbà tí mo máa dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn tí ẹnìkan ò ní ti ẹ̀yìn sọ pé "bó pẹ́ bó yá akólòlò á pe baba", wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á fi eyín ṣe é, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu á wá fọ́nká, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà B ló máa ń dá mi dúró jù, "baba" gan-an ni mi ò ní lè pè mọ́. Ẹni tó bá bú èèyàn mọ̀ pé òun bú u, ẹni tó pòwe rò pé òun gbọ́n ni. Àwọn tó tún wá ń bá mi parí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ sọ pé "mo fẹ́ b-b-", ẹnìkan ti ní "bàtà?", òmíì ní "bẹ́líìtì?", àfi bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ wọ̀ o!

Sùúrù_Lérè: Bẹ́líìtì 😂😂😂 ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n

Akólòlò_Olókìkí: Rẹ́rìn-ín jàre, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì yẹn ti lọ.

Ojú_Inú: Afọ́jú ni mí, mo fẹ́ kí ẹ fi orúkọ yẹn pè mí, ẹ má wá ọ̀rọ̀ rírọ̀ kankan fún mi. Wọ́n pè mí sí ìpàdé kan báyìí, gbogbo ẹni tó gba makirofóònù ló ń sọ pé "àwọn àkàndá ẹ̀dá wa", "àwọn èèyàn wa tó ní ìpèníjà ojú", wọ́n ń rọra pè é bí ẹni ń gbé ẹyin. Ìgbà tó tó àkókò láti dìbò lórí ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n gbé bébà fún mi. Bébà o! Títẹ̀, lẹ́tà wínníwínní. Mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí ẹ̀rọ kà á fún mi, wọ́n ní kí n fara balẹ̀, ẹnìkan á wá kà á sí mi létí. Ìpàdé tú, ẹni yẹn ò wá. Ká ní wọ́n pè mí ní afọ́jú, bóyá wọ́n á ti rántí pé mi ò ríran.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: ọkùnrin kan tẹ ọ̀pá mi mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ló bá jágbe mọ́ mi, "ṣé o fọ́jú ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó dákẹ́. Ó ní "ẹ má bínú bàbá, mi ò rí yín". Mo ní ó ṣe é ṣe, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Adití_Tó_Ń_Jó: Ojú_Inú ti sọ ọ́ tán. Adití ni mí, mo ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ọkọ mi náà ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, a ń jà lójú kan náà a tún ń parí ẹ̀, kò sí ariwo 😄. Ẹgbẹ́ Àwọn Adití Àgbáyé ti fẹnu kò láti 1991 pé ẹni tó dití ni kí wọ́n máa pè wọ́n, wọn ò fẹ́ "ẹni tí ìgbọ́rọ̀ ẹ̀ bàjẹ́" tí àwọn dókítà rò pé ọ̀làjú ni. Ìgbọ́rọ̀ mi ò bàjẹ́, mi ò ní in rí, kí ló fẹ́ bàjẹ́? Èyí tó ń bí mi nínú ni "odi". Mi ò yadi. Mo ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi. Ẹlẹ́nu_Dídùn, ọ̀gá yín yẹn ò bú ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀, èmi ló bú. Ó ní èèyàn bíi tèmi ni ẹni tí kì í fetí sílẹ̀. Èmi tó jẹ́ pé tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ mi ò lè gbé ojú kúrò lójú yín ìṣẹ́jú kan!

Kò_Kàn_Mí: Ìyẹn ni pé ẹ ò fẹ́ èyí, ẹ ò fẹ́ tọ̀hún. Ẹni tó bá ní ká pè é ní afọ́jú wà ńbí, ẹni tó ní ká pè é ní àkàndá wà níbòmíì, kí wá ni ká ṣe?

Ojú_Inú: Béèrè. Tàbí kí o pe orúkọ tí ìyá mi sọ mí.

Ìyá_Ẹlẹ́rìn-ín: Mo ti ń ka èyí láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ tí bùọ̀dá yìí sọ ló fà mí jáde. Ọmọ mi obìnrin ní Down syndrome, ipò tí wọ́n bí mọ́ ọn tó ń mú kí làákàyè ọmọ falẹ̀. Ẹ jẹ́ n pè é ní Ayọ̀ níbí, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Mo lọ mú un nílé ìwé, àwọn ọmọkùnrin kan ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù fo ògiri, ni wọ́n bá pariwo "Ayọ̀!" Inú mi dùn, mo rò pé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń kí i pé ó dàárọ̀. Ayọ̀ fúnra ẹ̀ yíjú padà, báàgì ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó nawọ́ sókè bó ṣe máa ń nà án tí tíṣà bá ń pe orúkọ, ó ní "mo wà ńbí!" Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò wo ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù dànù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló wá sọ fún mi nínú mọ́tò, ohùn ẹ̀ ò jáde dáadáa, ó ní ó ti pẹ́ tí gbogbo ilé ìwé ti ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ṣàṣìṣe ní Ayọ̀. Èmi àti bàbá ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí orúkọ yẹn kí á tó fẹnu kò. Ẹ̀yin ń jiyàn lórí afọ́jú àti àkàndá, tèmi, wọn ò lo ọ̀rọ̀ àìsàn kankan o.

Sùúrù_Lérè: Mo ka "mo wà ńbí" mo gbé fóònù sílẹ̀.

Adé_Orí_Mi: Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná!!! Ẹ fún mi ní orúkọ ilé ìwé yẹn

Ìyá_Ẹlẹ́rìn-ín: Rárá o. A ti bá wọn sọ ọ́, ó ti ń dára díẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Màmá ẹ má bínú o, ṣé ó dá yín lójú pé kò sí ọmọ mìíì tó ń jẹ́ Ayọ̀ níbẹ̀? Orúkọ tó pọ̀ ni.

Adé_Orí_Mi: Ó ní kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an. Ẹ máa ń kàwé kí ẹ tó kọ̀wé.

Kò_Kàn_Mí: Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n á gbàgbé. Ẹ má sọ ọ́ di ńlá.

Ẹ̀gbọ́n_Òkè_Òkun: Wọn kì í gbàgbé o àbúrò. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Bìrìtìkó bíi tèmi á mọ Joey Deacon. Ọkùnrin náà ní cerebral palsy, àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu gbọ́ràn síni lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò yé ẹnikẹ́ni àyàfi ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó kọ ìtàn ayé ara ẹ̀: òun á sọ ọ́, ọ̀rẹ́ yẹn á túmọ̀ ẹ̀, ẹnìkẹta á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnìkẹrin á tẹ̀ ẹ́, ó sì jáde ní 1974. Ní 1981 tó jẹ́ ọdún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, BBC gbé e sórí ètò àwọn ọmọdé, wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ rí akọni. Àwọn ọmọ rí i lóòótọ́. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, "Joey" ti di èébú nínú ọgbà ilé ìwé káàkiri, wọ́n á ká ọwọ́ kò, wọ́n á yẹ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń pariwo yẹn ti di bàbá àti ìyá ọlọ́mọ báyìí, ẹ bi wọ́n, wọn ò gbàgbé. Màmá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ìyá_Ẹlẹ́rìn-ín: Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì rí.

Tíṣà_Kíláàsì_Kẹta: Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí. A ní yàrá kan nílé ìwé wa fún àwọn ọmọ tó ń fẹ́ àfikún ìrànlọ́wọ́. Orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ di èébú, ni àwọn ọ̀gá bá yí i padà sí Yàrá Ìràwọ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n lẹ ìràwọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ rárá, mo gbọ́ tí ọmọ kan ń sunkún wá bá mi: "Àǹtí, ó pè mí ní ìràwọ̀." Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fìyà jẹ ẹni tó pe ọmọ ní ìràwọ̀. Kí ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé ẹ̀sùn?

Adé_Orí_Mi: Àǹtí ìràwọ̀ 😭 mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni

Ọ̀mọ̀wé_Agbélé: Bó ṣe máa ń rí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Idiot, imbecile àti moron tí gbogbo ayé fi ń bú ara wọn, ọ̀rọ̀ dókítà ni wọ́n, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí fáìlì. Idiot lẹni tí wọ́n ní làákàyè ẹ̀ ò ju ti ọmọ ọdún 2, imbecile ti ọmọ ọdún 3 sí 7, Henry Goddard ní Amẹ́ríkà wá ṣẹ̀dá moron ní 1910 láti inú èdè Gíríìkì fún àwọn tó wà láàárín ọdún 8 sí 12. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di èébú, wọ́n mú "retarded" (ẹni tí làákàyè ẹ̀ falẹ̀) wá kó rọ̀ wọ́n lọ́kàn. Ìyẹn náà di èébú, ìdílé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rosa wá jà títí Obama fi fọwọ́ sí òfin ní 2010 pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé òfin ìjọba àpapọ̀. Ẹgbẹ́ ilẹ̀ Bìrìtìkó tó ń ran àwọn tó ní cerebral palsy lọ́wọ́, tó ń jẹ́ Spastics Society, yí orúkọ sí Scope ní 1994 torí pé "spastic" náà ti di èébú, àwọn ọmọdé bá ń pe ara wọn ní "scoper". Àìsàn ọmọ màmá yìí gan-an, John Langdon Down tó kọ́kọ́ júwe ẹ̀ ní 1866 fi ẹ̀yà àwọn ará Mongolia sọ ọ́ lórúkọ, 1965 ni Mongolia fúnra ẹ̀ tó ní kí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, jáwọ́ nínú orúkọ yẹn, ẹ ò rí i, odidi orílẹ̀-èdè

Kò_Kàn_Mí: Ó ti tó Ọ̀mọ̀wé, iná fóònù mi ti fẹ́ tán. Ṣùgbọ́n wò ó, ìwọ gan-an lo ń gbè mí lẹ́yìn. Yíyí orúkọ ò ṣiṣẹ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Tíṣà_Kíláàsì_Kẹta: Mi ò gbà. Nígbà tí a ní kí àwọn ọmọ Yàrá Ìràwọ̀ máa bá àwọn yòókù ṣeré bọ́ọ̀lù, tí ọ̀kan nínú wọn wá ń mú gbogbo bọ́ọ̀lù láàárín òpó, "ìràwọ̀" yẹn rọlẹ̀. Mi ò sọ pé ó tán o. Ó rọlẹ̀.

Wèrè_Bọ́ọ̀lù: Ẹ máa yin èmi náà o, wèrè ni mo fi sórí orúkọ mi, oríyìn sì ni. Tí wọ́n bá ní "wèrè ni bọ̀bọ́ yìí" mo gbá góòlù wọlé nìyẹn.

Sùúrù_Lérè: Àbúrò mi wà lórí oògùn ọpọlọ. Tí o bá ti pè é bẹ́ẹ̀ rí lójú mi, góòlù yẹn ò ní wọlé.

Wèrè_Bọ́ọ̀lù: Ẹ̀gbọ́n, èmi fúnra mi lo oògùn yẹn fún ọdún gbọọrọ. Ìdí tí mo fi gbé e rù nìyẹn.

Sùúrù_Lérè: Hmm. Ó dáa. Ṣùgbọ́n má pe àbúrò mi bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́nu_Dídùn: Mo ní ẹ má jà o. Ẹnìkan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé òwe "amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́" ńkọ́, ó ní ṣé èébú ni.

Bàbá_Àgbà: Èébú kẹ̀! Nínú òwe yẹn amúkùn-ún nìkan ló gbọ́n. Wọ́n ní ẹrù ẹ̀ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní ẹsẹ̀ pípé níbẹ̀ ni òmùgọ̀.

Adití_Tó_Ń_Jó: Bàbá, ta ló máa ń pa òwe yẹn parí? Apá àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ.

Bàbá_Àgbà: Ìyẹn náà wà ńbẹ̀ o. Àwọn ọmọ ìsinyìí ò mọ òwe.

Adé_Orí_Mi: Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe nígbà náà. "Àkàndá ẹ̀dá tó ní ìpèníjà ẹsẹ̀, ẹrù rẹ ti yẹ̀ sí apá kan."

Akólòlò_Olókìkí: Kí n tó pe ìyẹn tán, wọ́n á ti sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, wọ́n á ti tú u, wọ́n á ti pín in.

Adé_Orí_Mi: [sítíkà] [sítíkà] [sítíkà]

Ojú_Inú: Ẹ̀yin tí ẹ ń fi sítíkà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún mi ń pariwo "àwòrán, àwòrán, àwòrán" sí mi létí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín.