“Àì-” inú “ọkọ̀ aláìléèéfín” kò jóòótọ́

Ọ̀gá wa tó dá “ọkọ̀ aláìléèéfín” sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. “Àì-” àárín rẹ̀ ni kò lọ lọ́fun mi. Àì- kì í ṣẹ́ ìdajì, “kò sí rárá” ló ń sọ: ẹni tó ní díẹ̀, a kì í pè é ní aláìní.

Lóòótọ́, ọkọ̀ yìí kò ní páìpù èéfín. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń jó èédú kí iná mànàmáná tó wá, ibòmíì ni èéfín rẹ̀ ti ń rú. Ní Nọ́wè, níbi tó ti jẹ́ pé agbára omi ló ń pèsè iná tó pọ̀ jù lọ, ọ̀rọ̀ yín sún mọ́ òótọ́ díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, torí kí táyà rẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti wa lithium, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, ọ̀pọ̀ bátìrì sì tún ń gba cobalt, ohun àlùmọ́nì mìíràn tí wọ́n ń wà ní Kóńgò, wọ́n ti jó agbára rẹpẹtẹ nídìí bátìrì. Nínú ṣíṣe nìkan, èéfín tirẹ̀ ju ti elépo bẹntiróòlù lọ. Ojú ọ̀nà ni èéfín elépo ti wá ń ju tirẹ̀ lọ: líta epo kan tó bá jó tán ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 carbon dioxide, èéfín tó ń mú ayé gbóná, sáfẹ́fẹ́. Tí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ láti ìgbà ṣíṣe títí ọkọ̀ fi kú, oníná mànàmáná ló sàn jù níbi tó pọ̀ jù lọ. “Sàn” ni mo wí o, n ò wí pé ó “mọ́”.

Ẹnìkan ti ń múra láti fi “asọ̀rọ̀mágbèsì” dá mi lóhùn. Kó wò ó dáadáa: rédíò kò gbèsì lóòótọ́, “má” ibẹ̀ kò purọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ṣe ń wo nǹkan kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú omi: ibi tó ń gbà ni wọ́n wò, wọn ò wá ohun tí kò ní kiri.

“Oníbátìrì” tí ẹlòmíì mú wá kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Elépo náà ní bátìrì, òun ló fi ń sítáàtì. “Oníná” tún burú sí i, nítorí inú ẹ́ńjìnnì elépo gan-an niná ti ń jó.

“Ọkọ̀ afimànàmánárìn” ni tèmi, kí èkejì jẹ́ “ọkọ̀ afeporìn”. Ẹni tó bá sọ pé “mànàmáná” láìsí “iná” níwájú jẹ́ ti ojú ọ̀run nìkan, kó mú ẹ̀rí wá. Iye ọdún tó ti fi kọ́ni kọ́ ni mo béèrè.