Ẹ̀yin tó ti fọwọ́ ara yín bàláǹsì kábúrétọ̀ alùpùpù nílé, ẹ wá sọ ìrírí yín

Arìnnàkore
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Alùpùpù mi, onísìlíńdà mẹ́rin, kábúrétọ̀ mẹ́rin tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kì í dúró jẹ́ẹ́ bí mo bá fi í sílẹ̀ ní sìlóò, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìfún un níná. Tó bá ti ń sáré, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kí n ṣáà dúró níbi iná pupa báyìí, ọwọ́ mi méjèèjì á máa gbọ̀n, nǹkan á sì máa dún kàràkàrà lápá kílọ́ọ̀ṣì. Mo ti ka ìwé rẹ̀, mo mọ ibi tí súkúrúù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fi ń bàláǹsì wọn, kí gbogbo wọn lè máa fà dọ́gba, wà láàárín àwọn kábúrétọ̀. Ìrírí ni mo ń wá. Kí lẹ lò, kí lojú yín sì rí?

Mẹ́rin-ń-pé
Gééjì mẹ́rin tó ń wọn ìfà afẹ́fẹ́, ọ̀kan fún kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó tán.

Ọlọ́wọ́ Ọ́ìlì
Èmi ò ra gééjì o. Rọ́bà tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè rí inú rẹ̀, ni mo rà. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pákó gígùn kan, mo jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ kó tún gòkè padà bíi lẹ́tà U, mo wá da ọ́ìlì tú-sítíróòkù, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ epo, sínú rẹ̀ níwọ̀nba. Ẹnu kan lọ síbi ihò ìfà, ihò kékeré tí wọ́n ti ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́, ti kábúrétọ̀ kìíní, ẹnu kejì lọ sí ti ìkejì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbiná, ọ́ìlì á gbéra, á máa yọ́ gòkè lọ síhà ibi tí ìfà ti lágbára jù. Ẹ óò fọwọ́ kan súkúrúù tó wà láàárín àwọn méjèèjì, díẹ̀ báyìí, kò tó ìdámẹ́jọ yíyí. Ọ́ìlì á dúró. Á ronú. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí tèmi dọ́gba, ariwo kàràkàrà tí o ń sọ yẹn dákẹ́ lójijì, n kò mọ ìgbà tí mo ké “yéè!” Kìíní pẹ̀lú ìkejì, ìkẹta pẹ̀lú ìkẹrin, kó o tó wá kan súkúrúù àárín gbùngbùn tó so méjì òsì mọ́ méjì ọ̀tún. Má sì fi omi dípò ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣèèṣì fa ọ́ìlì tú-sítíróòkù díẹ̀ mu, á jó o, èéfín á bo gbogbo ibẹ̀, ó parí. Omi ò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣàn-ań-ṣàn-an
Ọ́ìlì tó ń ronú! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Òótọ́ sì ni, mo ti rí i tó dúró bẹ́ẹ̀ rí.

Mẹ́rin-ń-pé
Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́wọ́ Ọ́ìlì, rọ́bà yín dára, ṣùgbọ́n méjì méjì ló ń wọ̀n. Gééjì á fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn mí lójú kan. Bí mo bá yí súkúrúù àárín, mo ń rí ohun tó ṣe sí ti ẹ̀gbẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọlọ́wọ́ Ọ́ìlì
Gééjì tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n pẹpẹpẹ tójú ò lè kà? Ìwọ náà mọ̀ pé àfi kéèyàn fún ihò rọ́bà rẹ̀ kó tó fara balẹ̀. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù: ta ló sọ fún ọ pé gééjì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ ohun kan náà? Ọ́ìlì kan ṣoṣo ò lè bá ara rẹ̀ jiyàn.

Mẹ́rin-ń-pé
Mo ti gbé wọn kọ́ ihò kan ṣoṣo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kà wọ́n. Ẹyọ kan yàtọ̀, mo sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sára rẹ̀. Ẹni tó bá ra gééjì tí kò ṣe èyí, owó ló ná.

Ìyá Sípánà
Àríyànjiyàn gééjì àti ọ́ìlì yín dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ọmọ yìí ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Arìnnàkore, ṣé o ti wọn àyè fáàfù rẹ, àlàfo kékeré tó yẹ kó wà lókè fáàfù kó lè padé dáadáa?

Ẹnì kan gbé alùpùpù onísìlíńdà mẹ́rin wá bá mi. Ó ní òun ti bàláǹsì ẹ́ títí, bí òun bá ṣe é lónìí, tó bá fi máa pẹ́ díẹ̀, á tún dàrú. Mo so gééjì mọ́ ọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba lóòótọ́. Mo ní kó jẹ́ kó tutù, mo ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ní sìlíńdà kẹta ti há pátápátá, fílà-gééjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àyè, èyí tó tín-ín-rín jù lọ́wọ́ mi ò wọ àyè rẹ̀. Fáàfù tí kò láyè kì í padé bó ṣe yẹ, ìfà ibẹ̀ á lọ sílẹ̀. Kí gééjì lè dọ́gba, ó ti fi súkúrúù dí bọ́tafíláì, ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nínú kábúrétọ̀, ti ìkẹta yẹn mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé sìlíńdà tó ń ṣàìsàn gan-an ló fi ebi pa. Bí mo ṣe ṣe fáàfù tán tí mo dá àwọn súkúrúù padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tó kù tí mo yí ò tó nǹkan.

Túnìtúnì
Mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni fáàfù ń dá a sílẹ̀. Tèmi, fáàfù pé, síbẹ̀ kábúrétọ̀ ò dọ́gba.

Ìyá Sípánà
N kò ní gbogbo ìgbà. Mo ní kó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ìwọ tó mọ̀ pé fáàfù tìrẹ pé, ṣebí o wọ̀n ọ́n kó o tó mọ̀?

Túnìtúnì
Mo wọ̀n ọ́n, mà.

Ìyá Sípánà
Ẹn-ẹ́n.

Kékeré Ẹ́ńjìnnì
😂😂 Mà ti gbá a mú.

Kí n fi tèmi kún un. Tèmi kì í ṣe fáàfù, kì í sì í ṣe bàláǹsì. Mo tan ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ tó tutù, mo ń kán omi sórí páìpù èéfín lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tó ti jáde lára sìlíńdà. Lórí mẹ́ta, omi ṣe “ṣááà” ó gbẹ. Lórí ìkejì, omi jókòó sórí rẹ̀, ó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀. Sìlíńdà yẹn ò ṣiṣẹ́ rárá ní sìlóò! Jẹ́ẹ̀tì kékeré tí epo ń gbà kọjá ní sìlóò ni ìdọ̀tí epo tó pẹ́ ti dí. Ihò rẹ̀ kéré débi pé àfi kéèyàn gbé e sókè wo ojú ọ̀run kó tó mọ̀ bóyá ó là. Mo fọ̀ ọ́, ìwàrìrì lọ. Súkúrúù bàláǹsì wo ni ì bá ṣe ìyẹn?

Ṣàn-ań-ṣàn-an
Omi lórí páìpù! Mò ń lọ ṣe é báyìí.

Arìnnàkore
Mo ti ṣe é. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ omi, ṣùgbọ́n ti ìkẹrin pẹ́ kó tó gbẹ. Mà, n kò tíì wọn fáàfù. Màá ṣí i.

Bàbá Bọ́kísà
Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ ní irin iṣẹ́ púpọ̀. BMW elérí méjì ni mo ń gùn, sìlíńdà kan lápá òsì, ìkejì lápá ọ̀tún, kábúrétọ̀ méjì tí Bing ṣe, kéébù ìfúnná méjì. Etí ni mo fi ń bàláǹsì ẹ́. Màá pa apá kan, màá gbọ́ apá kejì, màá tún yí i padà. Tí wọn ò bá dọ́gba, bí ẹni méjì tó ń gún odó kan ni, tí ìkan ń sáré ju ìkejì lọ, etí á gbọ́ ọ. Mo máa ń ṣe é ní sìlóò, màá tún ṣe é nígbà tí kéébù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dalẹ̀ ara wọn. Ẹ rántí pé ẹni tó bá máa pa apá kan, kó fi orí wáyà pílọ́ọ̀gì kan irin ẹ́ńjìnnì. Bó bá fi í ṣófo nínú afẹ́fẹ́, ó lè ba ẹ̀rọ iná jẹ́.

Túnìtúnì
Bàbá, méjì ni tiyín, sà. Etí ò lè ya mẹ́rin sọ́tọ̀.

Bàbá Bọ́kísà
Ìwọ lo sọ pé etí tìrẹ ò lè yà á. Honda CB750 tó jáde ní 1969 ní kábúrétọ̀ mẹ́rin, àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ní kéébù mẹ́rin, ọ̀kan fún kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣé o rò pé gbogbo ẹni tó gùn ún ló ní gééjì nílé?

Mẹ́rin-ń-pé
Wọ́n gùn ún, sà, ṣùgbọ́n Honda fúnra rẹ̀ yí kéébù mẹ́rin yẹn padà kò pẹ́ rárá. Ẹni tó ní Honda CBX ti 1978 ńkọ́? Kábúrétọ̀ mẹ́fà! Etí wo ni ó fẹ́ fi gbọ́ ìyẹn?

Bàbá Bọ́kísà
Ti mẹ́fà yẹn, mo gbà fún ọ.

Ohun Àtijọ́
Mo ní ọ̀pá mákúrì mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn ìfà, tí ẹnì kan fi sílẹ̀ fún mi. Ó péye ju gbogbo ohun tí ẹ ń sọ lọ, kì í gbọ̀n, kì í parọ́.

Ìyá Sípánà
Àbúrò, jọ̀ọ́ má lò ó nílé. Mákúrì tó bá dànù, èéfín rẹ̀ lójú ò lè rí, májèlé ni. Fáwọn tó ń gba irú rẹ̀ kó o fi ṣọwọ́.

Ọlọ́wọ́ Ọ́ìlì
Ẹ gbọ́ màámi. Ọ́ìlì wà.

Kékeré Ẹ́ńjìnnì
Ẹ̀gbọ́n ò ní í jẹ́ ká gbàgbé ọ́ìlì yìí o.

Ojú-lalákàn
Ẹ gbé e síta kẹ́ ẹ tó tan án. Èéfín ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tó tì ń pani. Bó bá sì jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló ń mú ẹ́ńjìnnì yín tutù, ẹ gbé fáànù síwájú rẹ̀, torí kò ní í rìn tí ẹ óò fi máa yí súkúrúù.

Arìnnàkore
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣí i. Àyè fáàfù ìkẹrin kéré sí ohun tí ìwé sọ, fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ni. Màá ṣe é kí n tó so nǹkan kan mọ́ ọn. Ìbéèrè méjì ló kù. Táǹkì ti kúrò lórí rẹ̀, ibo ni epo á ti máa wá? Èwo nínú mẹ́rin ni màá fi ṣe òdiwọ̀n?

Mẹ́rin-ń-pé
Ìgò kékeré pẹ̀lú rọ́bà epo, gbé e kọ́ sókè ju kábúrétọ̀ lọ, jìnnà sí páìpù èéfín. Bí ihò ìfà kan bá jẹ́ èyí tó ń ṣí tápù epo, dí i dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa fa afẹ́fẹ́ òfo.

Ìyá Sípánà
Wo ìwé rẹ fún òdiwọ̀n. Nínú àwọn kan ìkẹta ni, nínú àwọn kan ìkejì, èyí tí kò ní súkúrúù tirẹ̀ ni wọ́n ń fi àwọn yòókù bá dọ́gba. Ìwé á tún sọ ìyàtọ̀ tó gbà láyè, ọ̀pọ̀ ló ní kó má ju sẹ̀ńtímítà mákúrì 2 lọ, ìyẹn òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìfà. Bó o bá de nọ́ọ̀tì tó ń di súkúrúù mú tán, fún un níná díẹ̀, jẹ́ kó padà wálẹ̀ sí sìlóò, kó o tún kà á, torí nọ́ọ̀tì máa ń yí i díẹ̀ bó o bá ń dè é. Fáàfù yẹn, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni o máa ṣe é o.

Arìnnàkore
Mo ti gbọ́, mà. Ó ti sùn mọ́jú, ó tutù dáadáa.