Ọ̀gbàrá ń kó ilẹ̀ oko orí òkè mi lọ

Àgbẹ̀ Ìṣarà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oko. Mo ń dá oko ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́bàá Ìṣarà, níbi tí àwọn bàbá wa gbin obì gbànja sí kí a tó gé e. Ọdún kẹta nìyí tí a ti ń to ebè láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rọ àwọn alágbàṣe lọ́rùn. Láti ìgbà tí òjò oṣù kẹfà ti dé, omi ń gba inú poro sáré, ó ti la kòtò kan tó mu mí dé orúnkún, erùpẹ̀ dúdú ti ṣí lókè, gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ sì ti yọ síta. Ṣé kí n fi ajílẹ̀ kún un ni?

Ìyá Oko, Agọ́-Ìwòyè:
Àbúrò mi, o kú ìnira. Ajílẹ̀ tí o bá dà síbẹ̀ báyìí, odò ni yóò bá lọ. Dábùú òkè ni kí o kọ ebè rẹ, má sì fi ojú lásán wọ̀n ọ́n. So igi méjì tó gùn dọ́gba pọ̀ lórí, ya ẹsẹ̀ wọn, fi ìkẹta dè wọ́n láàárín, kí o sì ta okùn olókùúta sílẹ̀ láti orí. Sàmì sí ibi tí okùn ti kan igi àárín, pààrọ̀ ipò ẹsẹ̀ méjèèjì, kí o tún sàmì: nígbà tí okùn bá dúró ní agbedeméjì àmì méjèèjì, ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa gbé e kọjá lórí òkè, kí o máa kan èèkàn síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró sí, kí o wá kọ ebè tẹ̀lé àwọn èèkàn náà.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó:
Òótọ́ ni Ìyá wa sọ, ṣùgbọ́n ebè nìkan kò tó, nítorí pé bí òjò ńlá bá já ọ̀kan lókè, omi tó ti gbára jọ lẹ́yìn rẹ̀ yóò já gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ tó wà níhòòhò gan-an ni mo ń bẹ̀rù. Ẹ̀kán òjò ń fọ́ erùpẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà ń dí ojú ihò ilẹ̀, omi kò sì ríbi wọlé mọ́. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn nítòsí wa níbí ní 1970, ọ̀rọ̀ fífi koríko bo ilẹ̀ àti ríro ilẹ̀ níwọ̀nba sì wà lára ohun tó tẹnu mọ́. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun koríko mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ máa ń tó oṣù mẹ́ta kí ewé rẹ̀ tó bolẹ̀, ẹ gbin ẹ̀gúsí tàbí ànàmọ́ sáàárín rẹ̀, kí ẹ sì to ọ̀pẹ òyìnbó sún mọ́ra dábùú òkè.

Àgbẹ̀ Ìṣarà:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Kòtò tó ti là ńkọ́?

Ìyá Oko, Agọ́-Ìwòyè:
Kọ́kọ́ darí omi tó ń wọ̀ ọ́ láti òkè gba ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ri ọ̀pá ìyeyè tútù mọ́lẹ̀ dábùú kòtò náà, nítorí pé ó máa ń hù, kí o wá fi ẹ̀ka igi dí ẹ̀yìn wọn kí erùpẹ̀ lè máa gbára jọ síbẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, dá obì padà síbẹ̀, má gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ mọ́.