Cartotank tí ẹ̀gbọ́n kan fún mi: báwo ni mo ṣe máa lò ó tí kò ní máa jóná lẹ́nu mi?

Àyìndé_SE15:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo ti ń mu sìgá láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, bíi páàkì kan lóòjọ́. Ìyàwó mi ti lóyún báyìí, mo sì ti ṣèlérí fún un pé kí ọmọ tó dé, sìgá á ti kúrò nílé wa. Vape àlòsọnù (sìgá oníná tí wọ́n ń lò sọ nù) ni mo fi rọ́pò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà 2025 tí ìjọba ti fòfin de títà rẹ̀ ní UK níbí, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lágbègbè wa ní Peckham ò tà á mọ́. Ni mo bá tún ń yọ́ sìgá mu lẹ́yìn iṣẹ́, inú mi ò sì dùn sí i rárá.

Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa tó ti jáwọ́ nínú gbogbo rẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀ àtijọ́ fún mi. Bátìrì gígùn kan tó rí bíi bírò wà ńbẹ̀, àti bátìrì onígun mẹ́rin kan tí nọ́ńbà máa ń hàn lójú rẹ̀. Táǹkì gíláàsì kan wà, èyí tí wọ́n ń pè ní cartotank, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n kọ 6ml sí i lára. Cartomizer tuntun márùn-ún náà wà ńbẹ̀ nínú ọ̀rá wọn: mẹ́ta jẹ́ 1.5 ohm, méjì jẹ́ 2.0 ohm. Mo fi ọ̀kan sínú táǹkì, mo da omi vape sí i, mo tẹ bọ́tìnì, mo fà á. Òórùn òwú tó ń jó ló kún ẹnu mi, mo wúkọ́ títí omi fi dà lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò yẹ kí n ṣe? Irú omi wo ni kí n rà? Ṣé nǹkan yìí tiẹ̀ yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àbí kí n lọ ra òmíràn?


BàbáTáǹkì_Woolwich:

Àyìndé, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ o. Ìlérí tó o ṣe fún ìyàwó ẹ yẹn, dì í mú ṣinṣin. Inú mi dùn láti ràn ẹ́ lọ́wọ́ lórí ẹ̀.

Mo ta vape ní Woolwich nígbà tó jẹ́ pé cartotank ni gbogbo èèyàn ń bèèrè, bíi 2012 sí 2013, kí àwọn tuntun tó gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. 6ml tó o rí yẹn ti sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún mi. Láti ìgbà tí òfin 2016 ti dé ní UK, táǹkì tí wọ́n bá ń tà kò gbọdọ̀ gbà ju 2ml lọ, ìgò omi tó ní nikotíìnì kò gbọdọ̀ ju 10ml lọ, nikotíìnì inú rẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ ju 20mg lọ nínú 1ml. Ẹni tó ń tà ni òfin yẹn mú. Èyí tó ti wà lọ́wọ́ ẹ, lò ó láìfòyà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa ba cartomizer jẹ́ lọ ni. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín yẹn ni cartomizer. Wáyà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbóná, wọ́n sì fi òwú oníke dì í yíká. Omi inú táǹkì kì í kan wáyà yẹn tààrà. Ihò kékeré kan tó wà lára irin náà nísàlẹ̀, tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju 1mm sí 2mm lọ, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Òwú á mu ún, á gbé e dé ọ̀dọ̀ wáyà. Ihò yẹn kéré débi pé omi ò lè tètè dé ibi gbogbo tí òwú wà. Bó o bá tẹ bọ́tìnì nígbà tí òwú ṣì gbẹ, òwú gan-an ni wáyà máa jó. Ohun tó o tọ́ wò nìyẹn. Èyí tó sì ti jó yẹn, kò sí àtúnṣe fún un, òórùn yẹn kì í kúrò. Sọ ọ́ nù, mú òmíràn.

Ní báyìí, fara balẹ̀ ṣe èyí. Mú ọ̀kan nínú àwọn 2.0 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí wáyà inú rẹ̀ ṣe ń dènà iná). Yọ rọ́bà tí wọ́n fi dé e lókè àti nísàlẹ̀. Wo ojú rẹ̀ lókè níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ dáadáa: wàá rí òwú funfun róbótó, ihò kan sì wà láàárín rẹ̀. Ihò àárín yẹn, ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni, má jẹ́ kí omi wọ ibẹ̀. Kán omi kan péré sórí òwú, kó o dúró. Á kọ́kọ́ jókòó sórí òwú bí ìrì, kò ní tètè wọlé. Tó bá yá, á rì, ojú ibi tó rì sí á ṣókùnkùn díẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Yí irin náà díẹ̀, kán òmíràn síbi tó ṣì funfun. Báyìí ni wàá ṣe yí i ká. Ó máa ń gbà tó ẹ̀kán 15 sí 20. Nígbà tí omi bá dúró lójú òwú tí kò rì mọ́, òwú ti rin gbingbin nìyẹn. Gbé e nàró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Tó o bá padà dé, fi ẹnu fẹ́ ẹ láti orí rẹ̀ sórí tíṣù, kí omi tó bá ṣìnà wọ ihò àárín lè jáde.

Ó kan táǹkì. Ìdérí òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní rọ́bà róbótó nínú. Fi omi vape díẹ̀ pa àwọn rọ́bà yẹn kó o tó ti irin wọlé, torí tí wọ́n bá gbẹ, irin á ya wọ́n. Ti cartomizer láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, dá a dúró nígbà tí orí rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdérí òkè. Ihò ìdérí yẹn ṣì ṣófo, ibẹ̀ ni wàá ti da omi sí i pẹ̀lú ìgò ẹlẹ́nu gígùn tàbí síríńjì tí ẹnu rẹ̀ ò mú. Jẹ́ kí omi máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, má sì kún un dẹ́nu. Wá ti irin náà wọlé tán. Wo ihò kékeré yẹn: ó gbọ́dọ̀ wà nínú omi, lókè ìdérí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bó bá wọ inú rọ́bà, ó ti dí nìyẹn, omi kankan ò ní wọlé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyẹn náà ṣẹlẹ̀ sí tìẹ.

Kó o tó tẹ bọ́tìnì, fà á lásán lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kó o máa wo inú gíláàsì. Tó o bá rí afẹ́fẹ́ róbótó kékeré tó yọ láti ihò yẹn tó ń gòkè nínú omi, ara ẹ á balẹ̀: bí òwú bá ń mu omi, afẹ́fẹ́ ló ń dá padà. Mo máa ń fi han gbogbo oníbàárà tó bá ra ti àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ mi, mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìrí i.

Bátìrì tó rí bíi bírò yẹn sábà máa ń gbé iná 3.7 volt jáde. Lórí 2.0 ohm, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì 7, ó bá a mu gan-an. Lórí bátìrì onínọ́ńbà, bẹ̀rẹ̀ láti wáàtì 6, kó o máa fi ìdajì ìdajì kún un. Èyí tó jẹ́ 1.5 ohm lè gbà tó 8 tàbí 9. Wo nọ́ńbà yẹn kó o tó so táǹkì mọ́ ọn, torí tí ẹni tó lò ó kẹ́yìn bá fi í sórí 40, ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa fà á kí òwú tó jó.

Ní ti omi, ra èyí tí wọ́n kọ 50/50 sí, ìyẹn ni pé PG tó ṣàn àti VG tó ki, tí wọ́n fi ń po omi vape, jẹ́ ìdajì ìdajì. Èyí tó jẹ́ 70 VG ti ki jù, kò lè gba ihò kékeré yẹn kọjá tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń mu páàkì kan lóòjọ́, 12mg sí 18mg ni mo máa ń bá a bẹ̀rẹ̀ lórí irú táǹkì yìí. Àwọn kan á ní kó o bẹ̀rẹ̀ láti 3mg. Má dá wọn lóhùn. Èéfín cartomizer kéré, 3mg ò ní tó ara ẹ, sìgá lo máa padà lọ bá.

Ṣé ó yẹ ẹ́? Ní tèmi, ó yẹ ẹ́. Bó ṣe ń fún èèyàn lọ́nà ọ̀fun nígbà tí a bá ń fà á jọ ti sìgá ju ọ̀pọ̀ tuntun lọ, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ kí adùn rẹ̀ tó lọ, ó sì ti ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Mẹ́rin ló kù sí ẹ lọ́wọ́.


Nọ́ọ̀sì_Àdùkẹ́:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá Táǹkì. Mo gbádùn ẹ̀, àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú yín níbi tó parí sí. Ẹni tí sìgá ń pè láago mọ́kànlá alẹ́, ṣé á lè máa kán omi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó tún dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Páàkì tó wà nínú àpò ẹ̀wù ló máa nawọ́ mú.

Àyìndé, àbúrò mi, lo èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ, àmọ́ ra pod kékeré kan (vape kékeré tí kò nílò wàhálà yìí) tó ṣeé tún kún tì í, kó má baà di pé ọjọ́ tí táǹkì bá dójú tì ẹ́ ni sìgá padà wọlé. Kó o tó náwó rárá, wá ibi tí wọ́n ti ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀ ní council (ìjọba ìbílẹ̀) yín. Ní 2023 ni ìjọba gbé ètò Swap to Stop kalẹ̀ ní England, ọ̀pọ̀ council sì ti fún àwọn amusìgá ní vape lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹni tí yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bá wọn sọ̀rọ̀, má tijú.

Nítorí ọlọ́run, má pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó ń vape tó tún ń mu sìgá márùn-ún lóòjọ́, sìgá ṣì ń bà á jẹ́ lára. Ewu vape kéré púpọ̀ sí ti sìgá, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé kò léwu, nítorí náà ìta ni kó o ti máa fà á, má fà á ní iyàrá tí ìyàwó ẹ wà. Ìgò omi yẹn ńkọ́? Májèlé ni fún ọmọdé tó bá gbé e mu. Wá ibi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́ fún un láti ìsinsìnyí, má dúró di ìgbà tí ọmọ bá ń rá.


Ṣẹ́gun_Wáyà:

Ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan ni tèmi. Ṣí onígun mẹ́rin yẹn wò. Bó bá jẹ́ pé bátìrì róbótó tí wọ́n ń pè ní 18650 tó ṣeé yọ ló wà nínú rẹ̀, wo ọ̀rá tí wọ́n fi wé e lára yíká. Bó bá ya níbì kan, kódà kó kéré bí orí abẹ́rẹ́, má lò ó, mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń gba bátìrì àlòkù. Má sì fi bátìrì ṣíṣí sínú àpò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ láé. Irin á so orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀, iná á sì sọ nínú àpò. Èyí tó rí bíi bírò yẹn, ṣájà tirẹ̀ gan-an ni kó o lò, kó o sì wà nítòsí nígbà tó bá ń gba iná.


Àyìndé_SE15:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ yín á dàgbà lójú yín. Mo ti pe council, wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Tuesday. Bátìrì 18650 yẹn ya lára lóòótọ́, mo ti yọ ọ́ kúrò, èyí tó rí bíi bírò ni mò ń lò.

Bàbá Táǹkì, mo ṣe gbogbo bẹ́ẹ ṣe wí. Mo rí afẹ́fẹ́ tó ń gòkè! Kò jóná lẹ́nu mi, adùn rẹ̀ jáde. Àmọ́ láti àná, ó ti ń dún gbúlúgbúlú, omi sì ń bá èéfín wọ ẹnu mi. Ìbéèrè kejì: mò ń lọ Ìbàdàn lóṣù tó ń bọ̀ fún ìgbéyàwó àbúrò mi, ṣé mo lè gbé e dání?


BàbáTáǹkì_Woolwich:

O ṣe é dáadáa. Gbúlúgbúlú yẹn, omi ló ti pọ̀ jù nínú òwú. Gíláàsì yẹn gbọ́dọ̀ pa mọ́ afẹ́fẹ́ lókè pátápátá. Òun ni kì í jẹ́ kí omi kàn máa wọ́ wọlé fúnra rẹ̀. Bí ìdérí òkè kò bá jókòó dáadáa, tàbí rọ́bà rẹ̀ ti sán, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, omi á sì máa ya lu òwú. Yọ ọ́ kúrò lórí bátìrì, fẹ́ ẹ sórí tíṣù, nu ibi tó ti ń so mọ́ bátìrì gbẹ. Tú ìdérí òkè, fi èékánná tọ́ rọ́bà rẹ̀ yíká. Bó bá ti sán, ra òmíràn, kò wọ́n. Máa gbé táǹkì nàró, má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án, torí ooru máa ń jẹ́ kí omi ṣàn jù.

O lè gbé e dání lọ sílé. Báàgì ọwọ́ ni kó o fi bátìrì sí, wọn ò gbà á nínú èyí tí wọ́n ń kó sínú ikùn ọkọ̀ òfuurufú, o ò sì gbọdọ̀ lò ó tàbí fi iná sí i nínú ọkọ̀. Da omi inú táǹkì padà sínú ìgò kó o tó wọlé, torí tí ọkọ̀ bá gòkè, afẹ́fẹ́ inú gíláàsì á wú, á sì ti omi gba ihò yẹn jáde. Fi ìgò omi náà sínú ọ̀rá tó ń tì pa, kí wọ́n lè rí i pẹ̀lú àwọn nǹkan olómi yòókù. Kó cartomizer tó kù dání, kó o sì ra omi tó máa tó ẹ lò kó o tó lọ. Kí àbúrò ẹ gbé ilé ọkọ rẹ̀ láyọ̀ o.