Bàbá Sójà tó bọ́ wa ní Òkè-Ẹlẹ́rin

Ẹni tó bá gbé Òkè-Ẹlẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn 1986, nígbà tí Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, gbòde, kò lè sọ pé òun ò mọ Bàbá Sójà. Èmi jẹun lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, ògì tí ìyá mi ń tà kò sì tó gbọ́ bùkátà.

Káfíńtà ni Bàbá nígbà tí mo mọ̀ wọ́n. Pákó kún apá kan ṣọ́ọ̀bù wọn, ìkòkò àti igi ìdáná wà lápá kejì. Kí agogo ilé ìwé tó lù, ẹ̀wà ti jiná. Àwọn fúnra wọn ló ń dúró ti iná, tí wọ́n á fi ọmọ orógùn rò ó kó má baà jóná nísàlẹ̀. Òórùn àlùbọ́sà àti epo pupa á ti pàdé wa lójú ọ̀nà. Ife tánganran ni wọ́n fi ń bù ú: ife kan fún ọmọ kékeré, ife kan àti ààbọ̀ fún àwọn tó ti ń ga. Ẹni tí kò mú abọ́ wá á gbà á sínú ewé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí, àmọ́ bí o bá gbé igi ìdáná wá, wọ́n á gbà á tìdùnnú-tìdùnnú.

Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ níbẹ̀: "Ọmọ ta nìyí?" Ọmọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí dúró sórí ìlà lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń bá wọn fọ abọ́ sì bi í léèrè. Bàbá gbé ife sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ebi béèrè ilé bàbá ẹ̀ kó tó mú un ni?" Wọ́n bu tiẹ̀ kún, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Mo ti kúrò lọ́mọdé kí Bàbá tó sọ ọ́ fún mi. Ọdún 1967, tí ogun Nàìjíríà àti Biafra bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì bá ara wọn lábẹ́ ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé tí gbogbo ayé ń pè ní Àkekèé Dúdú, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú wa níbí. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn dé Bonny ní oṣù keje ọdún náà. Lẹ́yìn rẹ̀, Calabar, lẹ́yìn ìyẹn, Port Harcourt ní 1968. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n wọ Owerri, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Biafra ti wá yí wọn ká. Ọkọ̀ òfúrufú ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Bàbá ní àwọn jẹ ewé, àwọn jẹ àlàǹgbá. Oṣù kẹrin 1969 ni wọ́n tó rí ọ̀nà jáde.

"Ebi tiwa kọ́ ni mò ń sọ," wọ́n wí bẹ́ẹ̀ fún mi. "Ìbọn wà lọ́wọ́ tiwa."

Ọmọdé kan ni wọ́n rí lẹ́bàá ọ̀nà. Ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ rù, irun orí rẹ̀ pọ́n bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Kwashiorkor ni, àìsàn tí àìrí oúnjẹ gidi jẹ máa ń fà. Bísíkíìtì kan wà lápò Bàbá. Ẹnì kejì wọn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ ta ni? Ṣé a mọ̀ ọ́n ni?" Bàbá fún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lágbára láti jẹ ẹ́ lẹ́nu. Wọ́n da omi sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n rẹ bísíkíìtì náà títí tó fi rọ̀, wọ́n sì ń tọ́ ọ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Wọn kò sọ bóyá ọmọ náà yè. Mi ò lè béèrè.

Ọdún 1969 yẹn náà ni ilé gan-an dàrú, tí wàhálà owó orí fi la ẹ̀mí ọba ìlú wa, Ṣọ̀ún Ọlájídé Láoyè, lọ. Bàbá gbọ́ ọ lójú ogun, wọn ò sì mọ ohun tí àwọn ọmọ tiwọn ń jẹ. Ohun tó mú wọn lómi jù nìyẹn.

Àwọn kan láàárín ìlú sọ pé ẹ̀jẹ̀ ogun ni wọ́n ń fi ẹ̀wà san. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ. Ẹni tó sọ ọ́ kò jókòó tì wọ́n rí nídìí iná. Pákó tó ṣẹ́kù lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n tún fi kan bẹ́ǹṣì fún ilé ìwé wa, nítorí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wọ́n.

Bàbá ti lọ. Àwa tí wọ́n bọ́ ń dáwó jọ lóṣooṣù, obìnrin àdúgbò kan sì ń se ẹ̀wà náà láwọn àárọ̀ Mọ́ńdè àti Wẹ́sídeè. Ẹ̀wà ti wọ́n gan-an báyìí, ọmọ tó ń wá sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, epo àti igi ìdáná ló kọ́kọ́ ń tán. Ẹ kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ Sátidé, ẹnìkan máa ń wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.